Ojú Mọ́ Kedere, Aláìsàn Ní Òun Ò Ríran: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò Títí Tá A Fi Tọ́jú Rẹ̀

Ó máa ń pọ̀ jù lásìkò ìdánwò. Ìyá á fa ọmọ ọdún 11 tàbí 12 lọ́wọ́ wọlé, á ní láti ìjẹta lọmọ náà ti ní òun ò rí ohun tí wọ́n ń kọ sí bọ́ọ̀dù mọ́. Ẹ tan iná sójú, ojú mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ojú, kò sí àbàwọ́n. Ẹ wọn gíláàsì, òdo. Síbẹ̀ lẹ́tà ńlá tó wà lókè pátápátá nìkan ló ń kà, tipátipá.

Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Àwọn kan á ní "ọmọ yìí ń díbọ́n," wọ́n á lé e jáde, ìyá á sì lù ú bí wọ́n bá délé. Àwọn kan á kọ gíláàsì 0.50 àti oògùn kíkán fún un kó ṣáà lè lọ. Lóṣù tó ń bọ̀ wọ́n á tún pàdé. Àwọn kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù: wọ́n á ní kò sóhun tó ṣe é, nígbà tí nǹkan ń ṣe é nínú orí. Èmi tí mò ń kọ èyí, mo ti bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó rí.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ojú, ẹ̀yin tí ẹ ń wọn gíláàsì, ẹ̀yin dókítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè rẹ̀, tí kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní functional visual loss. Èmi á pè é ní àìríran tí kò ti ojú wá. Òfin kan ló gbé gbogbo iṣẹ́ yìí ró: pé ẹ ò rí àrùn kò tíì sọ pé àrùn ò sí. Ẹ ní láti rí ẹ̀rí pé ojú náà ń ríran ju bí ẹni tó ni í ṣe sọ lọ. Bí ẹ ò bá rí ẹ̀rí yẹn, ẹ má fi orúkọ yìí pè é.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Pátákó lẹ́tà tí ìlà rẹ̀ dé 6/5 (6/6 ni ti ojú tó dáa; bí nọ́ńbà kejì bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ìríran ṣe kéré tó), àti ti lẹ́tà E tàbí ti àwòrán fún ẹni tí kò mọ̀wé. Èyí tí oòrùn ti pa láwọ̀ kò wúlò.
- Téépù ìwọ̀n. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ ní mítà 1, 2, 3 àti 6.
- Férémù àyẹ̀wò, lẹ́ńsì +6.00, +2.00, −2.00, àti lẹ́ńsì òfìfo kan tí kò lágbára kankan.
- Prism 4 àti prism 10, ìyẹn gíláàsì tó nípọn lápá kan (ibẹ̀ là ń pè ní ìdí rẹ̀), tó ń yí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ padà.
- Gíláàsì aláwọ̀ pupa lápá kan, aláwọ̀ ewé lápá kejì, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì oníná mẹ́rin ti Worth. Bí ẹ bá ní ìwé eṣinṣin tí wọ́n fi ń wo bóyá ojú méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ mú un wá.
- Dígí tó fẹ̀ ju ojú èèyàn lọ.
- Aṣọ onílà dúdú àti funfun. Ìlù onílà tí wọ́n ń tà wọ́n ju owó mi lọ, nítorí náà mo ní kí télọ̀ kan lẹ́bàá ọjà Olúwo rán yáàdì kan fún mi, ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ó ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́ dòní.
- Tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ lágbára, ophthalmoscope tá a fi ń wo ẹ̀yìn ojú, ìdérí ìgò pupa kan.
- Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í kà á mọ́ ohun èlò ojú. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.
- Tropicamide 1% àti cyclopentolate 1%, oògùn kíkán tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀.

Ẹ fi ìṣẹ́jú 40 sílẹ̀. Bí èrò bá kún ìta, ẹ wo ohun tó jẹ́ pàjáwìrì lára rẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ fún un ní àárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó bá fi ìkánjú ṣe é, ọ̀rọ̀ líle ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ìgbésẹ̀ 1: Láti ẹnu ọ̀nà

Ẹ má dìde lọ mú un lọ́wọ́. Ẹ jókòó, ẹ na ọwọ́ sí i láìsọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣé ó na tirẹ̀? Ṣé ó yà fún àga tó dábùú ọ̀nà? Bí fóònù rẹ̀ bá dún, ṣé ó wo ẹni tó ń pè kó tó gbé e?

Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ tipẹ́ máa ń rọra rìn, á fẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò, kì í fẹ́ kọlu nǹkan. Ẹni tí tirẹ̀ kò ti ojú wá lè lọ rọ́ lu àga gbàgà, síbẹ̀ kó má fara pa. Ẹ ní kó fi orí ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún kan ti òsì. Afọ́jú pọ́ńbélé ń ṣe é, torí ara ló mọ ibi tí ọwọ́ wà, kì í ṣe ojú. Bákan náà ni kó buwọ́ lùwé. Ẹni tó bá kùnà méjèèjì pátápátá ti sọ nǹkan fún yín.

Ẹ ṣọ́ra o: àmì kan kì í dájọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ lánàá kò tíì mọ ìrìn afọ́jú, ó lè kọlu gbogbo nǹkan.

Bí ìgbésẹ̀ yìí bá yọrí, ìlà méjì tàbí mẹ́ta á ti wà nínú fáìlì, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹ fi ojú rí: "Ó yà fún àga." Bí ẹ bá ti kọ "ó ń parọ́," ẹ fà á ya, kẹ́ ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ níwájú òbí

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu gbogbo wọn pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ìyá tàbí bàbá jókòó síta díẹ̀, kí nọ́ọ̀sì obìnrin kan dúró tì yín, kẹ́ ẹ sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú. Ẹ bi í pé ta ló ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ta ló ń gbé e lọ síléèwé, tíṣà wo ni kò fẹ́ràn, ta lọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lo gíláàsì. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí gbogbo ìṣòro rẹ̀ kò ju pé gíláàsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wù ú.

Ohun tó máa ń wà nídìí rẹ̀ fún ọmọdé: ìdánwò, iléèwé tuntun, àwọn ọmọ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òbí tó ń jà, ikú ẹni tó fẹ́ràn, ọmọ tí wọ́n mú láti abúlé wá gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíì tó sì ń ṣe iṣẹ́ ilé ju agbára rẹ̀ lọ. Ìfipábánilòpọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: "Ṣé ẹnikẹ́ni ń fọwọ́ kàn ẹ́ lọ́nà tí o ò fẹ́?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ojú ti di kejì. Àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ wà fún irú èyí. Ẹ má dá ọmọ náà padà sílé kan náà láìjẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Fún àgbàlagbà, ẹ bi í nípa gbèsè, iṣẹ́, ìgbéyàwó, ìjàǹbá ọkọ̀, ẹjọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè yìí ni ẹ kò gbọdọ̀ fò, torí àrùn gidi ni wọ́n ń tú fó:

- Ṣé ó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ? Ethambutol inú rẹ̀ lè ba iṣan ojú jẹ́, ìyẹn iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ.
- Ṣé ó lo kuníìnì fún ibà láìpẹ́ yìí, pàápàá tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ?
- Ṣé ó mu ògógóró ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn?
- Ṣé ó lóyún, tàbí ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn?
- Ṣé nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, tí omi ọmú sì ń jáde láìbímọ?
- Ṣé òru ló ń dà á láàmú jù? Ṣé ẹbí rẹ̀ kan fọ́jú láti kékeré?
- Ṣé gìrì mú un, tàbí ibà gbé e dákú, kí ojú tó ṣú?
- Kí ni wọ́n ti kán sí ojú náà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín? Ìtọ̀, omi ọmú, omi ewé, wọ́n á sọ bí ẹ ò bá bá wọn jà.

Bí ẹ bá ti parí, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ojú náà ṣú. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ ò tíì gbọ́ ìtàn náà tán.

Ìgbésẹ̀ 3: Ọmọlójú kì í ṣojúsàájú

Kí ẹnikẹ́ni má kán oògùn o! Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí: nọ́ọ̀sì á ti kán tropicamide sójú gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì kí iṣẹ́ lè yá. Bí ọmọlójú bá ti fẹ̀, ẹ̀rí tó níyì jù ti bọ́ lọ́wọ́ yín fún ọjọ́ yẹn.

Ẹ dín iná yàrá kù, ẹ ní kó wo ọ̀kánkán lọ́nà jíjìn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ọ̀tún fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, ẹ yára gbé e sí òsì, ìṣẹ́jú-àáyá 3, ẹ tún gbé e padà. Ojú tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bà, ọmọlójú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún kì. Bó bá ń fẹ̀ dípò kó sún kì, nǹkan ń ṣe iṣan ojú yẹn tàbí rẹ́tínà rẹ̀, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ọmọlójú díbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ dá àyẹ̀wò tó kù dúró, ẹ wá àrùn.

Bí ẹni kan bá ní ojú kan fọ́ pátápátá, tí ojú náà sì mọ́, àmọ́ tí ọmọlójú méjèèjì dọ́gba nígbà tí ẹ ń gbé iná káàkiri, ara ti ń fu yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ibi tó ti máa ń tàn wá jẹ: bí àrùn bá mú iṣan ojú méjèèjì lọ́gbọọgba, ọmọlójú á dọ́gba. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tí ìríran ń parí sí, ló bà jẹ́, ọmọlójú á ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tára rẹ̀ le. Ọmọlójú tó dáa kò dá ẹnikẹ́ni láre.

Ẹ fi ìdérí ìgò pupa hàn án, ojú kan lẹ́yìn èkejì: "Ṣé pupa yìí rí bákan náà?" Bó bá ní lójú kan ó ti ṣá, ó dà bí ọsàn, ẹ rántí iṣan ojú.

Ìgbésẹ̀ 4: Àyẹ̀wò tó ń mú ẹ̀rí jáde

Ohun tó sọ pé ó ń ṣe òun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Kò sídìí láti ṣe gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan. Àwọn méjì tó bá gbe ara wọn lẹ́yìn tó.

*"Mi ò rí nǹkan kan rárá, lójú méjèèjì."* Ẹ gbé dígí ńlá síwájú rẹ̀ bí ìwọ̀n apá kan, kó lè jẹ́ ojú ara rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ẹ rọra máa yí i sọ́tùn-ún sósì. Ó ṣòro fún ojú tó ń ríran láti má tẹ̀ lé ojú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ta aṣọ onílà, kí ìlà rẹ̀ dúró lóòró, ẹ fà á kọjá níwájú rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ojú á máa bá ìlà lọ, á sáré padà, á tún bá a lọ, bíi tẹni tó ń wo igi láti inú bọ́ọ̀sì. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ìríran wà níbẹ̀. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, kò tíì fìdí ohun kan múlẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ lè wo ọ̀ọ́kán ré kọjá aṣọ.

*"Ojú kan ṣoṣo ni."* Èyí ló rọrùn jù láti yanjú, torí ojú méjèèjì máa ń là lẹ́ẹ̀kan náà, aláìsàn kò sì mọ èyí tó fi ń kàwé. Ẹ gbé férémù wọ̀ ọ́ pẹ̀lú gíláàsì tirẹ̀ bó bá ní. Ẹ fi lẹ́ńsì òfìfo síwájú ojú tó ní ó fọ́. Síwájú ojú tó dáa, ẹ máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀ títí dé +6.00, bẹ́ ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀: "Èwo ló mọ́ jù, èyí àbí èyí?" Ní +6.00, ojú tó dáa kò lè ka ohun tó wà lọ́nà jíjìn mọ́. Bó bá wá ka 6/9, ojú "fífọ́" ló kà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ má wo ìwé yín ní gbogbo àkókò yẹn. Ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá di ojú kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, ó ti mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, eré ti parí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí prism 4: ẹ gbé e síwájú ojú tó dáa, kí ìdí rẹ̀ kọjú sílẹ̀, ojú méjèèjì ní lílà. "Lẹ́tà mélòó lẹ rí?" Bó bá ní méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ojú kejì ń ríran. Ẹ ní kó ka méjèèjì. Prism 10 síwájú ojú tó ní ó fọ́, kí ìdí rẹ̀ kọjú sí etí: ojú tó ń ríran á sún sápá imú. Èyí dára fún ọmọdé torí kò nílò kó sọ nǹkan kan.

Ti tọ́ọ̀ṣì Worth: ẹ fi gíláàsì pupa síwájú ojú tó dáa. Ojú yẹn nìkan kò lè rí ju iná méjì lọ. Ẹni tó bá ní òun rí mẹ́rin ti fi ojú méjèèjì wò. Ẹni tó bá sì ka òbírí tó kéré jù nínú ìwé eṣinṣin, ojú méjèèjì rẹ̀ jí dáadáa. Àmọ́ ẹ má fi eṣinṣin ńlá nìkan dájọ́; ojú tó ṣú lè rí i.

*"Mo ń rí, àmọ́ ó ṣú."* Àwọn yìí ló pọ̀ jù lórí bẹ́ǹṣì mi. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 6/5. "Èyí kéré gan-an, kò sẹ́ni tó ń tètè kà á." Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ lọ sí 6/6. "Èyí ti tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ." Sùúrù. Ẹ máa gòkè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi dé 6/12, kò ní fẹ́ kí lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní ńlá yìí tún ṣòro, á kà á. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 6/60 ti ka 6/12, ẹ kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Bó bá dúró sórí 6/60 síbẹ̀, ẹ sún un sí mítà 3. Ẹni tó ka lẹ́tà 60 ní mítà 6 gbọ́dọ̀ ka ìlà 36 ní mítà 3. Ìṣirò lásán ni. Bó bá jẹ́ lẹ́tà òkè yẹn náà ló tún rí, ọ̀rọ̀ náà kò bá ojú mu. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ka ìwé kékeré nítòsí geere, tó wá ní 6/60 lọ́nà jíjìn, tí gíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ òdo.

Ọ̀nà kan tún wà: ẹ fi +2.00 àti −2.00 pọ̀ síwájú ojú kan náà. Wọ́n pa ara wọn rẹ́, kò sí agbára kankan níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé "lẹ́ńsì àkànṣe" ni. Mo ti jáwọ́ ńbẹ̀. "Ẹ gbìyànjú èyí wò" ti tó, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀.

*"Bí ẹni ń yọjú wo inú páìpù."* Ẹ jókòó ní mítà 1, ẹ máa mú ìka wọlé láti ẹ̀gbẹ́ títí tó fi rí i, ẹ sàmì sí ibẹ̀ lára ògiri. Ẹ sún sẹ́yìn sí mítà 2, ẹ lo nǹkan tó tóbi ní ìlọ́po méjì. Ìríran ojú dà bí iná tọ́ọ̀ṣì: bó bá ti jìnnà sí ògiri tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fẹ̀. Àrùn rẹ́tínà tó ń sọ ojú di páìpù náà ń fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ti aláìsàn yín kò bá fẹ̀ rárá, kì í ṣe ojú.

Àyẹ̀wò ìgbésẹ̀ yìí: ṣé ẹ lè kọ "ojú yìí ka 6/9 nígbà tí mo ṣe báyìí" sí fáìlì? Bó bá jẹ́ "mo rò pé ó ń ríran" lẹ kọ, ẹ ò tíì dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Kán oògùn báyìí, kẹ́ ẹ wá ọ̀tá tó fara pamọ́

Cyclopentolate fún ọmọdé, kẹ́ ẹ wọn gíláàsì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 sí 40. Ojú tí agbára rẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì gan-an, tí ọpọlọ kò kọ́ láti lò láti kékeré, ibí ló ti ń jáde. Ìyá ọmọ á ní lánàá ló bẹ̀rẹ̀ torí pé lánàá ni ọmọ fọwọ́ bo ojú kejì. Bí ìmọ́lẹ̀ inú ojú bá ń ṣe bí ẹnu àlùmọ́gàjí tó ń ṣí tó ń pa dé, keratoconus ni, ìyẹn kí iwájú ẹyinjú máa yọ ṣóńṣó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn ojú, pẹ̀lú ìtàn ìgbésẹ̀ 2 lọ́kàn. Ọmọ ọdún 8 sí 15 tó ń ka 6/24 lójú méjèèjì, tí àyẹ̀wò ìsàlẹ̀-sókè kò sì yí i padà, ẹ rántí àrùn Stargardt, àrùn ìdílé tó ń ba àárín rẹ́tínà jẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, rẹ́tínà rẹ̀ lè dà bíi pé kò sóhun tó ṣe é.

Àwa tá a wà ní Ẹ̀pẹ́ ní ẹrù kan tiwa. Ní 1958, G. L. Money kọ nípa àrùn iṣan tó wọ́pọ̀ ní agbègbè wa yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì so ó mọ́ májèlé inú pákí tí wọn ò sè jinná tàbí tí wọn ò rẹ tó. Ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, etí á máa di, ojú á máa ṣú. Nítorí náà, ìyá àgbà tó ní òun ò ríran mọ́, ẹ ní kó dìde rìn. Ẹ ní kó dúró pẹ̀lú ojú dídì. Ẹ wo bóyá orí iṣan ojú ti funfun. Ìyẹn kì í ṣe ìrònú, gààrí àjẹtúnjẹ láìsí ẹran àti ẹja lè wà nídìí rẹ̀.

Ògógóró: ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí fífọ́ àti ojú ṣíṣú ló bẹ̀rẹ̀, èèyàn sì ń kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan ní òrìṣà ń bínú. Methanol, ọtí olóró tó wà nínú ògógóró náà, ni. Ẹni tó mutí tí ojú rẹ̀ ṣú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má jókòó tì í pẹ̀lú dígí àti aṣọ onílà. Pàjáwìrì ni.

Ẹ̀rọ ìfúnpá tí mo ní kẹ́ ẹ mú wá? Aboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí orí ń fọ́, tí ojú ṣú, tí ẹ̀yìn ojú sì mọ́, tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gìrì lè mú un kó tó dé ilé. Ẹ fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ 6: Ta ló ń lọ, ta ló ń dúró

Ẹni tí ẹ kò rí ẹ̀rí ìríran rẹ̀ kò dúró lọ́dọ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ọmọlójú rẹ̀ kò dọ́gba, ẹni tí apá kan ìríran rẹ̀ ti lọ bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e láàárín, ẹni tí orí ń fọ́ tó ń bì láàárọ̀, ẹni tí ojú ń ro nígbà tó bá yí i. Scan orí àti dókítà ọpọlọ ni wọ́n nílò. Ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà ni mo ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà tó kún. Láti Ẹ̀pẹ́, owó ọkọ̀ àti odidi ọjọ́ kan ni ìrìnàjò yẹn ń jẹ. Lẹ́tà onílà méjì kì í ṣe ohun tá a fi ń rán aláìsàn.

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ní méjèèjì. Ẹni tí glaucoma, àrùn tó ń pa iṣan ojú díẹ̀díẹ̀, ti gba ìdajì ìríran rẹ̀ lè fi ẹ̀rù ṣe ìdajì tó kù. Ẹ tọ́jú glaucoma rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀rù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́

Ní ọdún kan, mo sọ fún ìyá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Màmá, kò sóhun tó ṣe ọmọ yìí, ó ń díbọ́n." Ọmọ náà gbọ́. Àwọn tó jókòó gbọ́. Ìgbájú tó gbà níbẹ̀ yẹn, èmi ni mo fún un. Wọn ò padà wá mọ́, mi ò sì mọ ohun tó ń lé ọmọ náà dòní.

Báyìí ni mo ṣe ń sọ ọ́ nísinsìnyí, nínú yàrá, lórí ìjókòó: "Ìyá, ìròyìn ayọ̀ ni. Mo ti yẹ ojú ọmọ yìí wò látòkè délẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ dáa, iṣan rẹ̀ dáa, agbára ìríran wà níbẹ̀ pé. Bí ọkàn bá wúwo, orí lè máa fọ́ni, oúnjẹ lè má wọlé. Ó lè mú ojú náà. Kì í ṣe pé ọmọ ń parọ́. Òun pàápàá kò mọ bó ṣe dé. Ó máa ń padà." Sí ọmọ náà: "Ojú ẹ á máa là díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí o bá fi máa padà wá, wàá ti ka ìlà mélòó kan sí i." Ẹ fún un ní àkókò. Ẹni tí wọ́n ní kó ríran lójú ẹsẹ̀, ẹ ti ní kó jẹ́wọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu yín: díbọ́n, irọ́, wèrè, Yábà. Lẹ́nu àwọn èèyàn wa, "Yábà lápá òsì" kì í ṣe àdírẹ́sì. Bí ẹ bá nílò dókítà ọkàn, ẹ sọ pé, "Dókítà kan wà tó mọ bí ìdààmú ṣe ń mú ara, mo fẹ́ ká jọ tọ́jú yín." Kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ̀yin náà máa tún rí wọn, kí wọ́n má rò pé ẹ ti jù wọ́n nù.

Bó bá yé wọn, ìyá á béèrè ohun tó yẹ kó ṣe nílé. Bó bá ń béèrè oògùn ojú tó lágbára jù síbẹ̀, ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìtọ́jú, àti ìpadàbọ̀

Ẹ má kọ gíláàsì tí kò ní ìdí. Bó bá nílò gíláàsì lóòótọ́, ẹ fún un. Oògùn kíkán, rárá. Ẹ bá iléèwé sọ̀rọ̀ bí òbí bá fọwọ́ sí i: kó jókòó níwájú fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n má sì sọ ọ́ di àpéwò. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá wọn tú: ẹ̀kọ́ àfikún tó ń jẹ́ kí ọmọ sùn ní aago 11 alẹ́, omi tó ń pọn kó tó lọ síléèwé, ọmọ kíláàsì tó ń gba owó rẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ wòlíì tàbí ààfáà, mi ò bá wọn jà. Àdéhùn kan ṣoṣo ni mo ń bá wọn ṣe: ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan ẹyinjú. Àdúrà kò nílò kí wọ́n kán an sójú.

Ti àgbàlagbà ń pẹ́ jù. Ẹni tí ìjàǹbá ọ̀kadà ṣe, tí ẹjọ́ owó ìtanràn sì wà nílẹ̀, lè má ríran títí ẹjọ́ á fi parí. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀, kò sí prism tó ń wọn èrò ọkàn. Bí ọlọ́pàá bá béèrè ìwé, ẹ kọ ohun tó sọ, ohun tó kà, àti bí ẹ ṣe dán an wò. Ẹ dúró níbẹ̀. Bí àgbàlagbà tàbí ọmọdé bá sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má jẹ́ kó dá nìkan lọ sílé. Dókítà ọkàn gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ 2, ọ̀sẹ̀ 6, oṣù 3: ọjọ́ ìpadàbọ̀ mẹ́ta. Ìlà kan tàbí méjì tó bá fi kún un ní ọ̀sẹ̀ 2 ti tó, ẹ yìn ín. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọdé á ti là kó tó di oṣù 3. Bó bá ka 6/6, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ti ẹnikẹ́ni, láìrẹ́rìn-ín ìyanu, láìwo ojú ìyá rẹ̀. Kó tó dìde lórí àga ní oṣù 3 yẹn, ẹ tún kán tropicamide sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kódà bó bá ti ń ka ìlà tó kéré jù, kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀yìn ojú àti orí iṣan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àrùn kan wà tí ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní fi hàn yín.